Kí Òfin Wo Ọmọ, Kó Má Wo Mítà

Ní Onígbòló, kò rọrùn láti sọ ibi tí àyíká ilé-ẹ̀kọ́ parí sí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló sọ ìlú náà di gbajúmọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí ọmọ ilé-ìwé ń gbà, tí àwọn olóúnjẹ ń pàtẹ sí, tí àwọn zẹ́míjàn, ọlọ́kadà, ń dúró sí de èrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pobẹ̀, olú-ìlú ẹ̀ka Plateau ní Bẹ̀nẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Sakẹ́tẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ilé-ẹ̀kọ́ kì í dá dúró sẹ́yìn ìlú níbẹ̀; àárín mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ibùdókọ̀ ló wà. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká fara balẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bá ń béèrè pé kí ìjìyà ẹni tó ta oògùn olóró nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Inú ìrora òbí ni ìbéèrè náà ti jáde, kò sì sí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ. Èrò mi ni pé kí ìjìyà le sí i lórí ẹni tó ta oògùn olóró fún ọmọdé tàbí tó fi ọmọdé ṣe agbérù, níbikíbi tó ti ṣe é. Kí òfin má ṣe máa fi okùn wọn ilẹ̀ kó tó mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wúwo tó.

Pé ilé-ẹ̀kọ́ ń mú ẹ̀ṣẹ̀ wúwo sí i kì í ṣe èrò tuntun. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe ní Vienna ní ọdún 1988 lórí òwò oògùn olóró ti sọ ọ́ ní abala 3, ìpín 5. Ó ka àwọn ohun tó ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ńlá: pé ẹgbẹ́ ọ̀daràn ló wà nídìí rẹ̀, pé wọ́n lo ipá tàbí ohun ìjà, pé ẹni tó ṣe é wà nípò ìjọba, pé wọ́n lo ọmọdé tàbí pé ọmọdé ni ìyà náà jẹ, pé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, tàbí ní ìtòsí wọn gan-an, tàbí níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń ṣeré. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú àdéhùn yìí, òfin rẹ̀ lórí oògùn olóró, nọ́ńbà 97-025, sì jáde ní oṣù Keje ọdún 1997. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí nínú abala àdéhùn náà ni pé ó ní kí ilé ẹjọ́ lè gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ wò nígbà tó bá ń dájọ́. Kò dárúkọ mítà kankan, kò sì gba ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ adájọ́. Ó tún ya lílo ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára ìtòsí ilé-ẹ̀kọ́: èkíní ń sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ, èkejì ń sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń bínú, wọ́n máa ń pa méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sọ ìtòsí di ìwọ̀n. Ní ọdún 1984, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé ẹni tó bá ta oògùn olóró láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé-ẹ̀kọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 305, ìjìyà tó pọ̀ jù fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Àwọn ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e, New Jersey sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1987. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, New Jersey yan ìgbìmọ̀ kan láti wo ohun tí òfin náà ti ṣe. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2005. Wọ́n rí i pé ní Newark, ìlú ńlá ìpínlẹ̀ náà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ ìlú ló bọ́ sínú àyíká tí òfin ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀ péré ló bọ́ sínú rẹ̀ ní àwọn ìgbèríko. Nínú àwọn tí òfin náà rán lọ sí ẹ̀wọ̀n, 96 nínú 100 jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ tó ń sọ èdè Sípéènì wá. Òfin kò dárúkọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ pé àárín ìlú tó há ni àwọn wọ̀nyí ń gbé, níbi tí kò ti sí ojúlé tí kò sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan.

Ní Massachusetts, àwọn olùwádìí gba ẹjọ́ 443 yẹ̀ wò ní ìlú mẹ́ta, Fall River, New Bedford àti Springfield. Nínú gbogbo wọn, kò tó 1 nínú 100 tó jẹ́ pé ọmọdé ni wọ́n ta oògùn náà fún, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹjọ́ náà sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti tì. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ ṣe ń mú àwọn ènìyàn tí ẹjọ́ wọn kò kan ọmọ, ní àkókò tí ọmọ kò sí níbẹ̀. Ó sì kùnà níbi tí wọ́n ti retí rẹ̀ jù, nítorí àwọn olùwádìí náà rí i pé kò lé àwọn tó ń tà á jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tó ṣe òfin náà kò dijú sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, New Jersey dá agbára padà fún adájọ́ láti yan ìjìyà tó bá ẹjọ́ mu. Massachusetts dín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kù sí 300 ní ọdún 2012, Indiana dín tirẹ̀ kù sí 500 ní ọdún 2013, Tennessee náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn aṣòfin Indiana àti Tennessee fẹ́ràn àwọn olóògùn olóró. Wọ́n rí i pé okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mú.

Ká wá gbé okùn náà wá sí ilẹ̀ wa. Bí a bá fa òbìrí kan yí ilé-ẹ̀kọ́ kan ká ní mítà 300, ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ju hẹ́kítà 28 lọ. Bí a bá sọ ọ́ di mítà 500, bí àwọn kan ṣe máa ń fẹ́ kí ó jẹ́ kó lè dáni lójú, ó di hẹ́kítà 78. Ìkànìyàn ọdún 2013 rí ènìyàn 123,677 ní kọ̀múùnù Pobẹ̀ àti 114,088 ní ti Sakẹ́tẹ́. Irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ìjọba àti ti aládàáni, àti àwọn CEG, ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí a tó ka ilé kéwú àti ilé ìkọ́ṣẹ́. Ní àárín ìlú, òbìrí kan á máa gun orí òbìrí kejì. Mẹ́wàá péré tó dá dúró, ní mítà 500, á bo ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 8 níbùú lóròó. Ọjà wọ inú rẹ̀, ibùdókọ̀ wọ inú rẹ̀, ilé bàbá àgbà wọ inú rẹ̀, àti ibi tí àwọn tó ń ta epo inú ìgò ń jókòó sí.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ni ọ̀rọ̀ mi gbé gbòǹgbò lé. Ìjìyà tó pọ̀ sí i níbì kan ń sọ fún ẹni tó ń ta oògùn olóró pé kó kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí ìjìyà ti kéré. Ó gbọ́dọ̀ wá ní ibòmíràn tó lè lọ. Bí gbogbo ìlú bá ti di àyíká ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ìdí kankan tí yóò fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà CEG: iye ọdún kan náà ni wọ́n máa sọ ọ́ sí bó bá dúró síbẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, àti bó bá ta á fún awakọ̀ ẹni ogójì ọdún lẹ́yìn ọjà ní òru. Ẹnu ọ̀nà CEG sì ni àwọn oníbàárà tí kò mọ iye tí nǹkan ń tà gan-an wà. Òfin tó ń fẹ́ ya ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ ti pa ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ìyókù ìlú rẹ́ pátápátá. Ẹni tó dúró de ọmọ ọdún 13 lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé àti ẹni tó ń ta igbó fún àgbà bíi tirẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀ kan náà lójú òfin. Èmi kò rò pé òbí kankan ní Ìsàbà tàbí ní Ita-Djèbou á gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

A tún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń tà gan-an. Igbó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọtí sódábì sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní oògùn olóró. Ṣùgbọ́n ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé ni Tramadol. Oògùn ìrora ni lọ́wọ́ dókítà, mílígíráàmù 50 tàbí 100 lẹ́ẹ̀kan, kó má ju 400 lọ lóòjọ́. Èyí tó ń rìn kiri lórí àtẹ máa ń tó 200 tàbí 225 nínú hóró kan ṣoṣo. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 pé èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lọ́dọọdún ní gúúsù Sàhárà ti kúrò ní kílò 300, ó ti ju tọ́ọ̀nù 3 lọ láti ọdún 2013. Ẹni tó ń lò ó kì í ṣe ìpáǹle nìkan. Ẹni tó ń gbé ẹrù, ẹni tó ń wa zẹ́míjàn láti ìdájí di òru, ẹni tó ń roko nínú ilẹ̀ amọ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, wọ́n ń gbé e mì kí àárẹ̀ má bàa mú wọn. Ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ilé-ìwé kò sí ń rí wọn. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀, tó sì fọkàn tán, ni ó ti lè kọ́kọ́ gbà á, kò pọn dandan kó jẹ́ àjèjì tó fara pa mọ́ sẹ́yìn ògiri ilé-ẹ̀kọ́.

Oògùn yìí kì í hù ní Plateau. Ilé iṣẹ́ òkèèrè, ní India jù lọ, ló ń ṣe é. Ó ń gba èbúté wọlé, ó ń gba àwọn ọ̀nà igbó tó wà láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà kọjá, ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà kó tó dé orí àtẹ. Níbi tí ọwọ́ ti tẹ orísun rẹ̀, a rí i pé nǹkan lè yí padà. Kútọnu ni Jacques Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, ti pe àwọn olórí ìjọba jọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009 láti gbógun ti oògùn ayédèrú. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ọlọ́pàá wọ Adjégounlè nínú ọjà Dantokpa, wọ́n kó oògùn tí wọ́n ń tà láìtọ́ síbẹ̀, wọ́n sì mú àwọn tó ń tà á. India fúnra rẹ̀ fi Tramadol sábẹ́ òfin oògùn olóró rẹ̀ ní ọdún 2018. Nígbà tí ìwádìí BBC ní oṣù Kejì ọdún 2025 fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ní Mumbai ń ṣe àdàlù tapentadol àti carisoprodol ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, ìjọba India dá ṣíṣe àdàlù náà dúró. Ìgbésẹ̀ bí irú èyí ń gé ohun tó lè di ẹgbàágbèje hóró kúrò lẹ́ẹ̀kan. Àfikún ọdún márùn-ún lórí ọmọkùnrin tó gbé páálí mẹ́rin sínú àpò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹlòmíràn á gbapò rẹ̀ kí ọjà tó tú. Òun gan-an sì ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló wà ní gbangba. Èyí jẹ́ fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ láti máa pa làpálàpá.

Ní ìhà kejì ẹnubodè, níbi tí ìran Yorùbá wà, wọ́n ti dán ìjìyà tó le jù lọ wò rí. Ìjọba ológun Nàìjíríà gbé òfin nọ́ńbà 20 jáde ní ọdún 1984, ó sì fi ikú ṣe ìjìyà fún òwò oògùn olóró. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí òfin náà tó wà rárá. Ariwo sọ lágbàáyé, àwọn ọmọ Nàìjíríà pàápàá bínú, nígbà tó sì di ọdún 1986 wọ́n yọ ikú kúrò, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà ní ọdún 2018, wọ́n rí i pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ìyẹn jẹ́ ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti àgbáyé kò ju 5.6 lọ; ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, ilẹ̀ Yorùbá, ó tó 22.4. Èmi kò sọ pé òfin ọdún 1984 ló fa èyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọdún pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ìjìyà líle nìkan ni yóò gba ọmọ wa là ní láti sọ ìdí tí ikú àti ẹ̀wọ̀n gbére kò fi ṣe é fún àwọn aládùúgbò wa.

Ẹnubodè náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, àwọn ará Ọ̀họ̀rí sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí Faransé ń fi owó orí, iṣẹ́ àpàpàǹdodo àti gbígbà sí iṣẹ́ ológun ni wọ́n lára, wọ́n jà ní ọdún 1914 àti 1915. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ lára àwọn ará Ọ̀họ̀rí àti Kétu kó ẹrù wọn kọjá sí ìhà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn Òyìnbó, tó jáde ní ọdún 1976. Ohun tí òfin ìhà kan bá mú le jù, ìhà kejì ń gbà á. Àwọn tó sá nígbà náà jẹ́ ẹni tí wọ́n ni lára, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n wé oníṣòwò oògùn olóró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣì wà, ẹni tó ní ọkọ̀, owó àti ìbátan ní Ọjà-Ọ̀dán tàbí ní Ìdìrókò sì mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, síbẹ̀ ẹrù kò yé gba inú igbó kọjá. Alágbàtà ńlá lè kó ọjà rẹ̀ lọ sí ìhà kejì nígbà tí òfin bá le ní Pobẹ̀. Ọmọ tó ń tà á fún un kò lè lọ síbì kankan.

Àwọn tó ń bá mi jiyàn ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ló ń mú ènìyàn dúró. Mo gbà pé ìbẹ̀rù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kí ọwọ́ má bàa tẹni ni, kì í ṣe ìbẹ̀rù iye ọdún tó wà nínú ìwé òfin. Àwọn onímọ̀ tí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjìnlẹ̀ Sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà yàn láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ní ọdún 2014 pé fífi ọdún kún ọdún ẹ̀wọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ dín ìwà ọ̀daràn kù, àti pé dídájú pé ọwọ́ á tẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń dá a dúró. Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́nu ọ̀nà CEG kò mọ iye ọdún tó wà nínú òfin 1997, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n bó bá ti rí i pé ọlọ́pàá kò wá síbẹ̀ láti ọjọ́ tí ilé-ìwé ti wọlé. Ọlọ́pàá méjì tó ń dúró síbẹ̀ nígbà ìwọlé, nígbà ìsinmi àti nígbà ìjáde á yí ìṣirò rẹ̀ padà ju ọdún mẹ́wàá tí aṣòfin fi kún un ní Àjàṣẹ́ lọ. Ohun tó ń jẹ owó ni èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún ìjọba láti kọ́kọ́ ronú kan ìjìyà: ìjìyà kò ní owó oṣù.

Àtakò tó ṣòro jù fún mi ni ti ẹ̀rí. Agbẹjọ́rò ìjọba lè sọ pé òun lè wọn mítà, ṣùgbọ́n òun kò lè fi dá adájọ́ lójú pé ọmọdé ni wọ́n ta oògùn fún, nítorí ọmọ náà á bẹ̀rù, òbí á fẹ́ bo ojú, ẹni tó tà á á ní òun rò pé ọmọ ogún ọdún ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Bẹ̀nẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ń wọ kakí, àwọ̀ tí a lè rí láti òkèèrè. Kí òfin sọ pé ẹni tó bá ta oògùn olóró fún ẹni tó wọ aṣọ ilé-ìwé kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé ni. Kí ó sọ pé kò pọn dandan kí ọmọ wá dúró níwájú ẹni tó tà á fún un nílé ẹjọ́, pé wọ́n lè gbọ́rọ̀ rẹ̀ ní yàrá ọ̀tọ̀. Èyí ṣòro ju wíwọn ilẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́rìí sí ni ohun tí a ń bínú sí.

Àwọn mìíràn á ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ibi ọ̀wọ̀, pé òfin gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ sókè. Mo bá wọn gbà á, kódà mo fẹ́ kí ìjìyà pọ̀ sí i gidigidi lórí ẹni tó bá kó o wọ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, pàápàá jù lọ bó bá jẹ́ olùkọ́, ọ̀ṣọ́, tàbí ẹni tí wọ́n gbà láyè láti ta oúnjẹ níbẹ̀. Ẹni tí òbí fọkàn tán tó wá dalẹ̀ wọn yẹ ní ìjìyà tó ju ti ẹni ojú ọ̀nà lọ. Ọgbà ni ààlà tí gbogbo ènìyàn lè rí, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìgbèríko wa kò ní ọgbà rárá, tí ọ̀nà àti màlúù ń gba àárín kíláàsì kọjá. Kí a mọ ògiri kí a tó mọ òbìrí. Ní Onígbòló, sìmẹ́ǹtì kò jìnnà.

Wọ́n tún lè sọ pé ojú àánú ni mo fi ń wo àwọn olóògùn olóró. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí mo ń béèrè le ju ti wọn lọ fún ẹni tó yẹ kó le fún. Òfin mítà kò lè mú ẹni tó ta Tramadol fún ọmọ ọdún 14 nínú oko, ní kìlómítà mẹ́ta sí ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí. Kò lè mú ẹni tó ń fi fóònù pe ọmọ pé kó wá gbà á lẹ́yìn ilé, tàbí àgbà tó ń fi ọmọ ọdún 12 ránṣẹ́ kọjá ẹnubodè nítorí ó mọ̀ pé ọlọ́pàá kì í tú àpò ọmọdé. Lójú mi, ẹni ìkẹyìn yìí burú ju gbogbo wọn lọ, ó sì yẹ kí ó dúró níwájú CRIET ní Àjàṣẹ́, ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, tó ń gbọ́ ẹjọ́ òwò oògùn olóró pẹ̀lú ti ìwà jìbìtì ńlá àti ìpániláyà. Ọmọ ọdún 12 tó rán níṣẹ́ kò yẹ níbẹ̀. Adájọ́ ọmọdé ni ti rẹ̀. Ìlọ́po méjì ìjìyà nítorí mítà kò bìkítà láti mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ọwọ́ tẹ̀.

Àwọn aṣòfin tí Plateau rán lọ sí Àjàṣẹ́ ni wọ́n lè kọ èyí sínú òfin. Ohun púpọ̀ wà tí kò nílò wọn. Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ní Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ lè yan ẹni tí yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà CEG. Méyà àti àwọn alábòójútó ọjà lè mú àwọn àtẹ oògùn kúrò lójú ọ̀nà, kí wọ́n má sì jẹ́ kó padà. Ìtọ́jú ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, nítorí òun ló jìnnà sí wa jù. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ìjọba ní Jacquot wà ní Kútọnu. Èyí tí Grégoire Ahongbonon dá sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ Saint-Camille wà ní Avrankou, ó ń tọ́jú àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, ẹrù tó wà lọ́rùn wọn sì ti pọ̀ jù. Ìyá tó rí hóró nínú àpò ọmọ rẹ̀ ní Tákọ̀ kò ní ẹni tó sún mọ́ ọn tó lè bi léèrè àyàfi pásítọ̀, ààfáà tàbí babaláwo, àwọn tí wọ́n lè ní ìfẹ́ ọmọ náà púpọ̀ láìmọ ohun tí oògùn yìí ń ṣe nínú ara. Ilé ìwòsàn kọ̀múùnù méjèèjì nílò nọ́ọ̀sì kan ó kéré tán tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí, tí ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ọmọ ránṣẹ́ sí láìgba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kọjá.

Ó tún ku ọmọ náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n bá oògùn lápò rẹ̀ tí kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Bí òfin bá sọ gbogbo àyíká di ibi ìjìyà ìlọ́po méjì, òun ni yóò bọ́ sínú rẹ̀ jù lọ, nítorí òun ló ń wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Ìjìyà tí wọ́n ní wọ́n fi ń dáàbò bò ó á wá já lé e lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ á sì máa lé e jáde kí orúkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́, ọmọ tí wọ́n bá lé kúrò ní kíláàsì á sì lọ jókòó sí ibùdó zẹ́míjàn pẹ̀lú àwọn tó kọ́kọ́ fún un ní hóró. Kí òfin sọ ọ́ kedere pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tó ní oògùn fún ara rẹ̀ kò ní bọ́ sínú ìjìyà àfikún kankan nítorí ilé-ẹ̀kọ́, pé ọ̀dọ̀ adájọ́ ọmọdé àti oníṣègùn ni ìwé rẹ̀ ń lọ, àti pé àyè rẹ̀ ní CEG kò ní bọ́ títí yóò fi ṣe ìdánwò BEPC rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.